Pápá Tí A Gbé Wá Bá Ọmọdé

Gbogbo ibi tí mo ti gbé láyé ni mo ti gbọ́ tí àgbà ń jágbe mọ́ ọmọdé tó ń ṣeré pé, "Ẹ kúrò níbẹ̀!" Ní Èkó, àwọn tó to òkúta sójú títì kí wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lé. Ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí mo wà báyìí, àwọn tó ń fi síkéètì yí níwájú ilé ìfowópamọ́ ni. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni pé, tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, níbo ni kí wọ́n gbà lọ? Mo gbà tọkàntọkàn pé pápá síkéètì alágbèéká wà lára ìdáhùn, bí a bá mọ̀ ọ́n lò.

Fún ẹni tí kò rí i rí, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e wá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ onípákó ló pọ̀ jù nínú ẹrù náà: egungun wọn jẹ́ irin, ojú wọn jẹ́ pláíwúùdù. Àwọn kan lọ tààrà, àwọn kan tẹ̀ kọdọrọ, irin róbótó sì wà létí wọn lókè. Àpótí pẹlẹbẹ wà tí wọ́n ń fò gùn, ọ̀pá irin gbọọrọ sì wà tí wọ́n ń fi pátákó síkéètì yọ̀ lọ lórí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ́ irin fẹ́lẹ́ sí, kí táyà má baà kọlu etí pákó. Táyà síkéètì kéré gan-an. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwa ò ní mọ̀ pé a tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó láti dá a dúró lójijì, kí ọmọ sì fò ṣánlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó to ohunkóhun. Kó tó di ọ̀sán, ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ti di pápá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tú u palẹ̀, ọkọ̀ á tún padà síbẹ̀.

Nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ nínú oṣù Kẹjọ, mo dúró wo ọmọbìnrin kan níbi irú pápá bẹ́ẹ̀. Akoto wà lórí rẹ̀. Ó gbé ìdí pátákó lé etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iwájú pátákó wá wà lófuurufú. Ohun tó kù ni kó gbé ẹsẹ̀ kejì lé e, kó sì fi gbogbo ara tẹ̀ síwájú. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, torí ẹ̀yìn ni ẹ̀rù máa ń fa ara sí, ẹni tó bá sì fà sẹ́yìn, pátákó á yọ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣubú. Ó gun òkè padà, ó tún ṣubú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ní kó má wo ẹsẹ̀, kó wo iwájú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tí kò ṣubú, gbogbo àwọn tó ń dúró de tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi pátákó lu ilẹ̀. Àtẹ́wọ́ àwọn onísíkéètì nìyẹn.

Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú dúró tì mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé eléyìí ló máa gbé wọn dé yunifásítì?" Mo ní, "Àbúrò mi, wo bí wọ́n ṣe tò. Ta ló pàṣẹ fún wọn?" Kò sí ẹni tó pàṣẹ. Ẹni tó bá já lu ẹlòmíì lórí pápá síkéètì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a wí, ọmọ ogún ọdún sì ń dúró de ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á tún un wò.

Àwọn kan ṣì ń pe síkéètì ní eré ọmọ ìta. Òótọ́ ni pé ìta ló ti wá. Ìta, nílùú Imperatriz ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì, ni Rayssa Leal ti ń yí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tí fídíò rẹ̀ nínú aṣọ búlúù fi kárí ayé. Lọ́dún 2021, nígbà tí síkéètì kọ́kọ́ wọ ìdíje Olíńpíìkì, ní Tokyo, ó gba fàdákà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Sky Brown tó ṣojú Bìrìtéènì gba idẹ, ọmọ ọdún mẹ́tàlá lòun náà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a tìtorí àmì ẹ̀yẹ ṣe é. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ó lè má sí ẹyọ kan tó máa dé Olíńpíìkì. Gbogbo wọn ló nílò ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lé wọn.

Ibi tí a bá sì yàn fún wọn láìbi wọ́n, wọn kì í gbà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń yí lábẹ́ ilé àṣà Southbank Centre, létí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 2013, ètò jáde pé kí a sọ ibẹ̀ di ìsọ̀, kí a sì kọ́ òmíràn fún wọn lábẹ́ afárá tí kò jìnnà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n fi ọjọ́ gbogbo gba ìbuwọ́lùwé lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, títí àwọn aláṣẹ ilé náà fi bá wọn ṣàdéhùn ní 2014 pé àwọn ò ní ṣí wọn nípò mọ́. Ìṣòro kọnkéré ni pé bí a bá ti dà á, ó ti dà náà nìyẹn. Pákó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú, bí ó bá sún mọ́ ilé jù (inú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ onípákó ṣófo, ó ń dún bí ìlù), bí àwọn ọmọ bá ní ọ̀pá irin yẹn ga jù, a lè gbé e kúrò lọ́la. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Àgbà ló ní ilẹ̀ àti owó, ọmọdé ló mọ bí pápá ṣe yẹ kó rí, ó sì yẹ kí wọ́n jọ jókòó kí owó tó jáde.

Àléébù rẹ̀ wà, mi ò sì ní fi í pamọ́. Òjò ń ba pákó jẹ́, nọ́ọ̀tì ń tú, àyẹ̀wò ò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Èyí tó burú jù ni pápá tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pẹ̀lú àsíá olóṣèlú àti fọ́tò. Àríyá nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ fi ara kọ́ ń fẹ́ àṣetúnṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Nígbà tí Oliver Percovich, ọmọ Ọsirélíà, gbé pátákó mẹ́ta dé Kabul ní 2007, inú orísun omi àtọwọ́dá kan tó ti gbẹ láàárín ìlú ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Àtilọ, àtibọ̀ rẹ̀ ló mú èso wá: nígbà tó fi di 2009, wọ́n ti ní pápá tó ní òrùlé, àwọn ọmọbìnrin tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ sì ń yí síkéètì níbẹ̀.

Ní etí ilé wa, Accra ti ní pápá oníkọnkéré láti oṣù Kejìlá 2021. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó náà ti ń yí tipẹ́; ojú títì ni wọ́n ń yí sí, láàárín dánfó àti ọ̀kadà. Wọ́n á ní kò sílẹ̀ l'Ékòó. Ṣùgbọ́n mélòó ni ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ọgbà ilé ìnáwó àti àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ́jú, tí wọ́n da kọnkéré sí, tó sì ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀? Káfíńtà wa mọ pákó í tẹ̀, wẹ́dà wa mọ irin í jó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì, àpótí kan, ọ̀pá irin kan, akoto tó pọ̀ tó, ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n kọ́ni, àti ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí kì í yẹ̀: ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn alágbàlá ni pé kí wọ́n ṣí géètì lọ́sàn-án Sátidé. Kí wọ́n fi ọdún kan gbáko ṣe é, kí wọ́n máa bi àwọn ọmọ ohun tó kù. Lẹ́yìn náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ wá da kọnkéré síbi tí àwọn ọmọ fúnra wọn bá tọ́ka sí.