Ọ̀rọ̀ Asopọ̀: Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ní Agodi, nílùú Ìbàdàn, ti pa òwe yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé e. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri kíláàsì rẹ̀ pé èèwọ̀ ni Yorùbá sísọ, àti pé ẹni tí ó bá sọ ọ́ yóò san owó ìtanràn.

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí ó máa ń bá bàbá rẹ̀ ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Gate lẹ́yìn iléèwé. Ọmọ náà ní òye, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ sì ni láìsí Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn yunifásítì kò ní ṣí fún un. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ fi bírò pupa fa igi lé “but” nínú gbólóhùn rẹ̀: “Although it rained, but we went.” Ọmọ náà dìde, ó sì fi Yorùbá bèèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, tí a bá yọ ‘but’, ṣé gbólóhùn náà kò ní dá sí agbedeméjì?” Olùkọ́ ní kí ó san owó ìtanràn, kí ó sì jókòó.

Ìbéèrè náà bá olùkọ́ délé. Ó kọ ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn sílẹ̀ ní Yorùbá: “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, síbẹ̀ a lọ.” Asopọ̀ méjì ni, ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èkejì gbà á. Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ ju ẹyọ kan lọ: “Although it rained, we went”, tàbí “It rained, but we went.” Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀, òfin èdè ìyá rẹ̀ ni ó pa mọ́ nínú èdè àjèjì.

Ó tún wo “and”. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni “àti” máa ń so pọ̀: “Adé àti Òjó”. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé “Ó jẹun àti ó sùn”. “Ó jẹun, ó sì sùn” ni. “And” kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bákan náà, “Ó dìde, ó wẹ̀, ó jáde” pé láìsí asopọ̀ kankan, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì yóò bèèrè fún un: “He got up, bathed and went out.”

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ pín pátákó sí méjì: Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. Ó dá owó ọmọ náà padà níṣojú gbogbo kíláàsì, ó sì ní kí ó wá kọ gbólóhùn rẹ̀. Ọmọ náà kọ ti Yorùbá tán, ó kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wo méjèèjì fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu “but” kúrò. Ìkéde ara ògiri náà kò sí níbẹ̀ mọ́.