Àrùn Kò Ní Ẹsẹ̀

Ìjì Kòrónà ti rọlẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ àwa ará Kirikiri.

Ọ̀nà àti òwò ni àdúgbò wa fi ń jẹun. Èbúté Àpápá àti Tin Can kò jìnnà sí wa, tírélà ń kọjá tọ̀sán-tòru, danfo sì ń kó èrò láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Mile 2. Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé yìí náà ni àrùn ń gbà. Àrùn kò ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wa ni ó fi ń rìn.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àwọn tí ọ̀fìnkìn líle tí ń jà káàkiri ayé ti mú. Ọkọ̀ ojú irin, tí ó ti dé Kánò ṣáájú àkókò náà, gbé e wọ àárín ilẹ̀ wa lọ. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà.

Nígbà tí ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní Èkó láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, wọn kò ti èbúté pa, wọn kò sì dá ẹni tí ń ta oúnjẹ dúró, nítorí ebi náà ń pa ènìyàn. Ibẹ̀ ni ìdánwò ilé wa wà. Ata ni ìyàwó mi ń tà. Bí ó bá lọ sí Mile 12, yóò fara kan ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ọkọ̀ àti nínú ọjà, ìyá mi arúgbó sì wà nílé. Bí kò bá lọ, kí ni àwọn ọmọ yóò jẹ?

Lẹ́yìn tí a gbàdúrà, ó ní, “Bàbá Táyé, ṣé gbogbo àwa mẹ́rin tí a ń ta ata ládùúgbò ni ó gbọ́dọ̀ lọ ni?” Wọ́n bá da owó pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń bá gbogbo wọn rajà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìbòmú. Nígbà tí ó kan ìyàwó mi, yàrá ọ̀tọ̀ ni ó ń sùn. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún Màmá. Èrè dín kù, ṣùgbọ́n ebi kò pa wá, Màmá kò sì ṣàìsàn.

Àwọn kan sọ pé àìnígbàgbọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Léfítíkù orí 13: àlùfáà Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó ń sé ẹni tí wọ́n fura sí mọ́lé fún ọjọ́ méje. Ìgbàgbọ́ kò lòdì sí ìṣọ́ra. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tí ó dúró sílé, ìfẹ́ ọmọnìkejì ni ó ń fi hàn.

Ẹ̀yin oníṣòwò àti awakọ̀, bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ dín ìrìn kù, ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ẹ ronú kan àwọn àgbà ilé. Kí Olúwa má jẹ́ kí a ru ikú wálé nínú ẹrù ọjà wa. Àmín.