Ìwé Ìfiṣẹ́sílẹ̀ Tí Ń Bẹ Nínú Àpò Mi

 

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Bàrígà. Mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, n kò ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀. Láàrin ọdún mẹ́wàá, olùkọ́ mọ́kànlá ni ó ti fi wá sílẹ̀ lójú mi. Èyí tí ó dùn mí jù ni ọ̀rẹ́ mi tí ń kọ́ni ní ìṣirò. Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ibùdó àwọn atẹ̀wé ni. Láti òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ ti ń dún, káàdì ìgbéyàwó níhìn-ín, kàlẹ́ńdà lọ́hùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi a máa lọ bá wọn gé ìwé ní ọjọ́ Sátidé, owó Sátidé mẹ́rin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ìṣirò ni mo kọ́, mo sì ti ṣe é." Lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì, a kò rí i mọ́.

Èmi tí mo ń kọ́ wọn ní Yorùbá ni ọ̀gá wá ní kí n máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Ọmọbìnrin kan ni ó tún iṣẹ́ mi ṣe lójú pátákó. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà.

Ní 2024, ìjọba Èkó sọ owó oṣù tí ó kéré jù di ₦85,000. Tiwa kò dé ibẹ̀. N kò dá ọ̀gá lẹ́bi tán: láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo mọ́tò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òbí ń san owó ilé-ìwé. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má bínú sí mi o, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ní 2022, òfin ní kí olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba lè lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rín pa mí. Lọ́dọ̀ wa, ta ni ó ń lo mẹ́rin?

Owó nìkan kọ́. Ní ọjọ́ tí àgbàrá òjò dí ojú títì, mo pẹ́ díẹ̀, ọ̀gá sì jágbe mọ́ mi lójú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin yẹn bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Sà, ṣé ẹ̀yin náà ń lọ ni? Ìdánwò WAEC wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

Mo ní n kò lọ. Ìwé náà ṣì wà nínú àpò mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pa ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́, tí mo kọ òmíràn sí i.