Obìnrin Ló Ni Ilé Níbẹ̀! Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Agadez, Ìlú Àwọn Tuareg

  Bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn èèyàn kan wà láyé yìí tí kì í jókòó sójú kan, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ràkúnmí ni wọ́n ń di ilé wọn sí, síbẹ̀ tí wọ́n ní ọba, tí wọ́n ní òfin, tí ọ̀rọ̀ wọn sì yé ara wọn, irọ́ ni n bá pè é. Ṣùgbọ́n ojú mi ló rí i, kì í ṣe pé wọ́n rò ó fún mi.

Iṣẹ́ awọ ni mo jogún lọ́dọ̀ bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Tìmùtìmù, àpò, àbẹ̀bẹ̀, kò sí èyí tí n kì í ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ Alhaji kan ní Kano ni mo ti ń ra awọ ewúrẹ́. Ní ọdún 2005, Alhaji ní kí n jẹ́ ká jọ lọ sí Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger, pé n óò rí iṣẹ́ awọ tí yóò yà mí lẹ́nu. Mo di ẹrù mi, ó di Kano. Láti Kano a gba Daura, a kọjá bodè, a sùn ní Zinder. Láti Zinder a tún rìn lé ní 400 kìlómítà sí apá òkè. Bí a ti ń lọ ni igi ń dín kù, tí ilẹ̀ ń funfun, títí tó fi jẹ́ pé iyanrìn àti òkúta nìkan ló kù.

Ohun tí èèyàn kọ́kọ́ ń rí ní Agadez ni ilé gogoro mọ́sáláṣí wọn. Amọ̀ lásán ni o! Ó ga tó mítà 27, ọdún 1515 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ ọ. Igi ṣóńṣó yọ síta lára rẹ̀ yípo bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀. Mo bi Alhaji kí ló dé. Ó ní orí igi wọ̀nyẹn ni àwọn tó ń fi amọ̀ tún un rẹ́ máa ń gùn. Ẹ ò rí ọgbọ́n!

Àwọn tí àwọn Hausa ń pè ní Buzu ni Tuareg. Ọkùnrin wọn ló ń fi láwàní bo ẹnu àti imú, obìnrin wọn kì í bojú. Láwàní tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n fi aró pa ní apá Kano, tí wọ́n lù títí tó fi ń dán bí irin. Aró náà a máa ràn mọ́ wọn lójú, kò sì bà wọ́n nínú jẹ́ rárá, ẹwà ni wọ́n kà á sí.

Ẹ̀yà wọn pọ̀. "Kel" ní èdè wọn ni ká sọ pé "àwọn ará". Kel Ewey wà, Kel Ferwan wà, Kel Fadey wà, àti àwọn mìíràn. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀ àti ibi tó ti ń da ẹran. Ẹ wò ó bí ọjà wa ṣe rí: aláta ní ìyá ẹgbẹ́ tirẹ̀, aláṣọ ní tirẹ̀, ẹlẹ́ran ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo ọjà, Ìyálọ́jà kan ṣoṣo la mọ̀. Sultan Agadez ni Ìyálọ́jà tiwọn. Sultan Ibrahim Oumarou ló wà lórí oyè nígbà tí mo lọ. Ọdún 1960 ló gorí ìtẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní 2012.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa oyè náà dùn mọ́ mi. Wọ́n ní nígbà láéláé, kò sí ẹ̀yà tó gbà kí ọmọ ẹ̀yà kejì jọba lórí òun. Ìjà kò tán, oníṣòwò kò ráyè kọjá. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ lọ sí Istanbul, ní ilẹ̀ Tọ́kì, pé kí wọ́n fún àwọn ní ọba àjèjì tí kò ní ẹbí nínú ìjà wọn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí gẹ́lẹ́, bóyá àwọn àgbà fi iyọ̀ sí i, ọgbọ́n inú rẹ̀ ni mo mú. Iṣẹ́ Sultan náà kò ju kó máa parí ìjà, kí ọ̀nà lè là.

Alhaji mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wọn, ọ̀kan ni wọ́n nílé lóko. Àwọn ló ń rọ idà, àwọn ló ń ṣe gàárì ràkúnmí, àwọn náà ni alárinà tí wọ́n ń rán bí ẹnì kan bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Ó fi àgbélébùú fàdákà Agadez hàn mí. Ó ní bàbá a máa fún ọmọ rẹ̀ ní irú rẹ̀ nítorí pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ni igun mẹ́rin ayé, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí ọmọ yóò forí lé. Mo ní kí wọ́n fi oníṣẹ́ awọ ibẹ̀ hàn mí. Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀! Háà! Ní Ọ̀yọ́ tiwa, ọkùnrin la mọ̀ nídìí awọ. Ìyá yìí mú àpò kan jáde, pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé, ó gé e, ó kó o, ó so jìgìjìgì sí i lẹ́sẹ̀. Mo ta kókó ẹnu mi. Ọ̀gá ni.

Ibẹ̀ ni a jókòó sí, tí wọ́n ń po tíì fún wa, ife àkọ́kọ́ korò, ìkẹta dùn bí oyin, nígbà tí mo rí ọkùnrin kan lábẹ́ igi lókèèrè. Idà rẹ̀, gàárì rẹ̀ àti ìkòkò tíì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kàn jókòó ganboro. Mo ní, "Ta ni yẹn?" Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó rẹ̀ ló kọ̀ ọ́, ó sì ti ká ilé lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ń ká ilé? Ó ní àgọ́ tí wọ́n ń gbé, ìyá ìyàwó ló ń fi í ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ti obìnrin ni. Bí ìjà bá dé, ọkùnrin ni yóò wá ibi tí yóò sùn. Ẹ̀yin ìyá, mo mọ̀ pé ẹ ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ rọra o, àwọn ọkọ yín ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Ìgbà tí tíì kẹta tán ni ọ̀rọ̀ bọ́ sórí iyọ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń lọ ra iyọ̀ ní Bilma, lódìkejì aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ténéré, ó lé ní 500 kìlómítà. Wọ́n a kó ọkà lọ, wọ́n a fi gba iyọ̀ àti dàbínù, wọ́n a sì kó iyọ̀ náà wá tà títí dé Kano. Kò sẹ́ni tó ń dá a lọ. Wọn a dúró de ara wọn títí ẹrù yóò fi pé. Ní ọdún 1906, ràkúnmí bíi 20,000 ni wọ́n ní ó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn a yan aṣáájú kan tí àwọn Hausa ń pè ní madugu, ẹni tó mọ ìràwọ̀, tó mọ kànga, tó mọ àwọ̀ iyanrìn. Koríko tí ràkúnmí yóò jẹ nígbà àbọ̀, wọn a jù ú sílẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà àlọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn.

Igi kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀, kò sí èkejì rẹ̀ fún kìlómítà tó lé ní 150. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ó wà nínú máàpù. Ní 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ kọlù ú, ó wó o lulẹ̀! Nínú gbogbo aṣálẹ̀ yẹn, kò rí ibòmíràn gbà. Wọ́n gbé òkú igi náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey, wọ́n ri irin mọ́ ojú ibẹ̀. Àwọn àgbà wa ní igi kan kì í dágbó ṣe.

N kò ní purọ́ fún yín pé dídùn nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n kó ẹrú rí, 2003 ni òfin Niger tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lẹ́wọ̀n nínú, ojú àbùkù ni wọ́n sì ṣì ń fi wo ọmọ àwọn tó sìn. Ọ̀dá 1973 àti ti 1984 pa ẹran wọn, òmíràn nínú wọn di ọlọ́dẹ láàárín ìlú. Wọ́n bá ìjọba jà láti 1990 dé 1995, ó tún bẹ́ ní 2007 dé 2009, wọ́n ní wọ́n ń wa kùsà uranium ní Arlit lórí ilẹ̀ àwọn, àwọn kò rí èrè rẹ̀. Ibi tí àdéhùn bá ti já, ẹ̀jẹ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ ìwé yìí nìyí. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ padà, mo gbọ́ Yorùbá ní garaàjì. Ọmọkùnrin kan ni, kò tíì ju ogún ọdún lọ, ará Ìbàdàn. Líbíà ló ń lọ. Ìyá rẹ̀ ta ìsọ̀ àti gbogbo ọjà inú rẹ̀ kó tó rówó ọkọ̀ fún un. Ó mú ike omi kan dání. Alágbẹ̀dẹ tó sìn wá wá ní kí Alhaji bi í, "Ta ni madugu rẹ?" Ọmọ náà ní dẹ́rẹ́bà. Ó ní kí wọ́n bi í, kí lorúkọ dẹ́rẹ́bà? Kò mọ̀ ọ́n. Àwọn mélòó ló jọ ń lọ? Kò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Alágbẹ̀dẹ mi orí. Ó ní baba ńlá òun tó bí aṣálẹ̀ yìí lọ́mọ kò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò. Mo bẹ ọmọ náà, mo ní kó bá wa padà, n óò san owó ọkọ̀ rẹ̀ dé Ìbàdàn. Ó ní, "Bàbá, ojú wo ni n óò fi wo ìyá mi?" Ọkọ̀ gbéra. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó dé.

Ní October 2013, òkú èèyàn 92 ni wọ́n rí nínú aṣálẹ̀ Niger, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù. Ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́ lọ́nà Algeria, òùngbẹ ló pa wọ́n. Ọmọ Niger ni wọ́n o, àwọn onílẹ̀! Ní 2015 ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé ẹni tó bá ń kó èrò bẹ́ẹ̀ yóò ṣẹ̀wọ̀n. Ní November 2023 ìjọba ológun wọn fagi lé òfin náà.

Ẹ̀yin ìyá mi, n kò ní kí ọmọ má rìnrìn àjò. Èmi náà rìn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ta ìsọ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè alágbẹ̀dẹ yẹn: ta ni madugu rẹ? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ di ẹ̀gbà ọrùn yín mú. Ìyá tó bá sì wà ní Ìbàdàn tó mọ̀ pé ọmọ òun gba Agadez lọ ní 2005 pẹ̀lú ike omi kan, kó jọ̀ọ́ kọ lẹ́tà sí ojú ewé yìí. Kó kàn sọ fún mi pé ó dé.