Ìlera Kò Ṣeé Fojú Wọ̀n

Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè ni àwọn ènìyàn fi ń kí ara wọn. "Ṣé dáadáa ni a jí? Ara ń kọ́? Ṣé ara le?" Ẹni tí a kí yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́," yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kí ó sùn mọ́jú dúpẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú bàìbàì dúpẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ jí pépé náà dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ ni ìlera wọn kò dọ́gba. Báwo ni a ṣe lè mọ bí àìsàn kan ti gba adùn ayé lọ́wọ́ ènìyàn tó, tàbí bí ìtọ́jú kan ti dá a padà fún un tó? Ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń wá ìdáhùn sí láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá.

Ní àtijọ́, iye ẹni tí ó kú àti iye ẹni tí ó yè ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń kà. Ẹni tí kò bá ti kú, wọ́n gbà pé iṣẹ́ ti yọrí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1948, ìwé òfin rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ìlera ju àìsí àrùn lọ, pé ó kan àlàáfíà ara, àlàáfíà ọkàn, àti ìgbé-ayé ènìyàn láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1949, David Karnofsky àti ẹnì kejì rẹ̀, Joseph Burchenal, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìwọ̀n kan jáde fún àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà. Ẹni tí kò ní ìráhùn kankan gba 100. Ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ gba 50. Òkú gba 0. Ní ọdún 1965, Florence Mahoney àti Dorothea Barthel tún tẹ ìwọ̀n mìíràn jáde. Ohun mẹ́wàá ni èyí ń wò: ǹjẹ́ aláìsàn lè bọ́ ara rẹ̀, ǹjẹ́ ó lè wẹ̀, ǹjẹ́ ó lè wọṣọ, ǹjẹ́ ó lè gun àtẹ̀gùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, 100 ni yóò gbà.

Ìwọ̀n méjèèjì wúlò, a sì ń lò wọ́n títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ẹlòmíràn ni ó ń wo aláìsàn, tí ó sì ń fún un ní máàkì. Àpẹẹrẹ onílù kan yóò fi ibi tí èyí kù sí hàn.

Láti kékeré ni onílù yìí ti ń lu dùndún. Bí ó bá dé òde àríyá, ìlù rẹ̀ ni ó fi ń ki àwọn ẹni iyì, tí orí wọn ń wú. Ní ọjọ́ kan, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ ní ìrìn bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ń jẹun fúnra rẹ̀, ó ń wẹ̀, ó ń wọṣọ, ó sì ń gun àtẹ̀gùn. Bí a bá gbé ìwọ̀n ọdún 1965 lé e, 100 nínú 100 ni yóò gbà. Inú dókítà dùn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilé, dùndún ń bẹ lára ògiri, eruku ti bò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì lè fa ọsán ìlù, ọwọ́ ọ̀tún sì lè gbé ṣíbí dé ẹnu, ṣùgbọ́n kò lè ju kọ̀ǹgọ́ mọ́ bí ó ti yẹ kí ìlù lè sọ̀rọ̀. Bí àríyá bá bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò, ńṣe ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Wọ́n wọn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi í nípa ìlù.

Àwọn àgbà ní ohun tí ó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí bi aláìsàn fúnra rẹ̀ léèrè. Ní ọdún 1987, àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Yúróòpù dá ẹgbẹ́ EuroQol sílẹ̀. Ohun márùn-ún ni ìwé ìbéèrè wọn dá lé: ìrìn, ìtọ́jú ara ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àti àìbalẹ̀ ọkàn. Lẹ́yìn náà, aláìsàn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí ìlà kan tí a kọ nọ́ńbà sí láti 0 dé 100. Bí wọ́n bá bi onílù nípa iṣẹ́ òòjọ́, ẹjọ́ rẹ̀ yóò délẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣe ìwé oníbéèrè 26, àwọn onímọ̀ sì ti yí i sí èdè Yorùbá, tí wọ́n fi bi àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ní ilẹ̀ wa. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ṣe ìwọ̀n kan fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, èyí tí ó béèrè nípa ara, tí ó sì béèrè nípa ẹ̀mí pẹ̀lú. Iṣẹ́ ńlá ni irú ìtumọ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì lè fi pe ìrora, ṣùgbọ́n ní èdè Yorùbá, orí a máa fọ́, inú a máa run, ẹ̀yìn a máa ro, egbò a sì máa ta. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò béèrè ohun kan, a ó sì dá a lóhùn òmíràn.

Ìdáhùn wọ̀nyí kì í parí sórí ìwé. Owó ìjọba kò tó fún gbogbo ìtọ́jú, nítorí náà a sọ ìlera di iye. Ìlera pípé jẹ́ 1, ikú jẹ́ 0. Bí iṣẹ́ abẹ kan bá fún ènìyàn ní ọdún 10 nínú ìlera tí ó tó ìdajì, a kà á sí ọdún 5. Ipò mìíràn tilẹ̀ wà tí iye rẹ̀ kéré sí 0; èyí kò ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí wọ́n ti ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ NICE, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ń lo irú ìṣirò yìí láti mọ oògùn tí ó yẹ kí ìjọba ra.

Àmọ́ ìṣirò lè ṣini lọ́nà. Ní ọdún 1990, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà fi iye owó àti iye àǹfààní to àwọn ìtọ́jú léra. Nígbà tí wọ́n wò ó, bíbo eyín tí ó kẹ̀ wà lókè iṣẹ́ abẹ fún oyún tí ó dúró sí ibi tí kì í ṣe inú ilé-ọmọ, èyí tí ó lè pa ìyá. Eyín kò wọ́n, ìyá wọ́n. Ibẹ̀ ni ìṣirò gbà ṣì wọ́n lọ́nà. Wọ́n sọ ìwé náà nù. Ní ọdún 1992, ìjọba àpapọ̀ kọ ètò wọn kejì, nítorí pé ó lè rẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara jẹ. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1999 sì fi hàn pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn aláàbọ̀ ara tí a bi léèrè tí ó sọ pé ayé àwọn dára. Ẹni tí ń wò wọ́n láti òkèèrè kò ní rò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ̀n dára, ṣùgbọ́n a kì í ti ẹ̀yìn olóhun wọn ohun rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé òní ni dókítà àti nọ́ọ̀sì ọ̀la yóò ti jáde. Ẹni tí ó bá bi onílù pé, "Ara ń kọ́?" kí ó má ṣe yára kọjá nígbà tí ó bá gbọ́ "A dúpẹ́." Kí ó fà àga, kí ó jókòó, kí ó sì béèrè nípa dùndún tí ó wà lára ògiri.