Ọ̀dọ́ Láàárín Wọ́ọ̀dù Méjì

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n kọ́ bí ẹni pé oríṣi aláìsàn méjì péré ni ó wà láyé, ọmọdé àti àgbà, tó fi jẹ́ pé bí àrùn jẹjẹrẹ bá kọlu ọmọ ọdún 16, yálà kí wọ́n tẹ́ ẹ sí wọ́ọ̀dù tí àwòrán ehoro wà lára ògiri rẹ̀, tàbí kí ó máa sùn láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó ti bàbá bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1990, àjọ aláàánú Teenage Cancer Trust ṣí wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Middlesex ní Lọ́ńdọ̀n fún àwọn ọ̀dọ́langba, èyíinì àwọn tí wọ́n ti kúrò lọ́mọdé ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì dàgbà tán, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 24 ni àjọ náà sì ń ràn lọ́wọ́ títí di òní. Tẹlifíṣọ̀n ńlá àti tábìlì ayò tí ó wà níbẹ̀ ni ojú àlejò kọ́kọ́ ń rí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nyẹn ni ó kéré jù; ohun tí ó tóbi ni pé ẹni tí irun orí rẹ̀ ti re yóò rí ojúgbà rẹ̀ tí tirẹ̀ náà re.

Ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù kì í ṣe ti ìgbádùn nìkan, torí wọ́ọ̀dù tí ọ̀dọ́ bá wà lè pinnu ìlànà tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 16 sí 20 tí wọ́n ní irú lùkímíà kan, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ń yára gbilẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn egungun. Nínú àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú ní ìlànà ti ọmọdé, nǹkan bí 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó pé ọdún méje láìsí pé àrùn padà dé tàbí pé wọ́n kú, nígbà tí ó jẹ́ 34 péré láàárín àwọn tí wọ́n gbà á ní ìlànà ti àgbà, àrùn kan náà ni, ọjọ́ orí kan náà sì ni. Ìlànà ti ọmọdé ń lo àwọn oògùn kan ní ìwọ̀n tí ó pọ̀ ju ti àgbà lọ, kì í sì í fi ọjọ́ ìtọ́jú falẹ̀.

Síbẹ̀, apá tí ó gùn jù nínú ìtọ́jú lùkímíà yìí, tí ó lè gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú oògùn oníhóró tí aláìsàn ń gbé mì lójoojúmọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ti yá, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń fo oògùn, ibẹ̀ náà sì ni àrùn ti ń rí àyè padà. Ìyá lè ṣọ́ ìgò oògùn, ṣùgbọ́n ọmọ tí dókítà kò bá sọ̀rọ̀ rí, tí ó jẹ́ pé òbí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣàlàyé fún, kò ní ìdí púpọ̀ láti ka ìtọ́jú náà sí tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, nítorí pé kìmòtẹ́ràpì, ìyẹn àwọn oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ń yára pọ̀, lè ba agbára ìbímọ jẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin lè fi àtọ̀ pamọ́ sínú òtútù kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ rọra ní kí àwọn òbí jáde, torí ojú kò ní jẹ́ kí ó dáhùn níṣojú ìyá rẹ̀. Fún ọ̀dọ́bìnrin, gbígba ẹyin pamọ́ máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì, lùkímíà tí ń yára kì í sì í sábà fún ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó yẹ kí dókítà sọ ìyẹn náà fún un lójúkojú.