Wọ́n Mọ Bàbá Ńlá Pásítọ̀, Wọn Ò Mọ Orúkọ Onesimus



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ wa kan fẹ́ gba sàtífíkéètì ọmọ ìbílẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kó dárúkọ agboolé àti ìran ẹ̀. Ló bá pè wá: "Ta ló bí bàbá bàbá yín?" Àwa mẹ́rin ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n bí sí Jos, ń wo ara wa lójú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ìdílé Cotton Mather la ti ń kà nípa ẹ̀ látọjọ́ yìí, pásítọ̀ àwọn Púrítàn ní Boston, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Tiwọn ò sọnù rárá. Richard Mather, bàbá bàbá ẹ̀, ló wọkọ̀ ojú omi wá lọ́dún 1635. Nígbà tí ìyàwó Richard kú, ó fẹ́ opó pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ John Cotton. Increase ọmọ Richard náà wá fẹ́ Maria ọmọ John Cotton. Àwọn ló bí ọmọkùnrin yìí lọ́dún 1663, wọ́n sì fi orúkọ ìdílé ìyá ẹ̀ sọ ọ́. John Cotton ti kú lọ́dún 1652. Ká ní tiwa ni, Babátúndé là bá sọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ o. Lọ́dún 1706, ìjọ Mather ra ẹrú kan fún un, ọmọ Áfíríkà. Mather sọ ọ́ ní Onesimus, orúkọ ẹrú inú Bíbélì. Ọkùnrin yìí ló fi àpá apá ẹ̀ hàn án, ó ní nílé àwọn, wọ́n máa ń sín gbẹ́rẹ́ fún èèyàn, wọ́n á fi oje ojú egbò olóde sí i, olóde ò sì ní lè pa onítọ̀hún mọ́. Nígbà tí olóde ya wọ Boston lọ́dún 1721, Mather bẹ àwọn dókítà. Zabdiel Boylston nìkan ló gbà. Àwọn ará ìlú bínú débi pé ẹnì kan ju àdó olóró wọ ilé Mather. Ọlọ́run yọ ọ́, kò bú. Àwọn tí olóde pa lé ní 800. Nínú bíi 240 tí Boylston sín ní gbẹ́rẹ́, mẹ́fà péré ló kú.

Síbẹ̀, a mọ bàbá ńlá pásítọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ orúkọ tí ìyá Onesimus sọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi ipá gba tiẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Àwa ńkọ́? Ta ló gba tiwa? Bàbá wa máa ń fẹ́ sọ ọ́ lálẹ́, àwa la máa ń ní ó rẹ̀ wá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a pe àbúrò bàbá wa obìnrin l'Ógbómọ̀ṣọ́. Màmá kọ́kọ́ ki oríkì ilé wa, wọ́n wá dárúkọ ìran mẹ́rin. Ní ìkarùn-ún, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ìyá mi ló mọ ìyẹn. Ẹ ò tètè pè."

A ti kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn Bíbélì bàbá wa. Ẹ̀yin tí àgbà yín ṣì wà láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní.